Ìyá mi yọ̀ ní balùwẹ̀, ọrùn-ọwọ́ wọn sì kán: ṣé ọjọ́ orí nìkan ni, àbí àrùn eegun fífẹ́lẹ́?

Ọmọ Àkàbà (Kétu)

Mo kí gbogbo ilé. Ẹni ọdún 67 ni ìyá mi, Kétu níbí ni wọ́n sì ń gbé. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n yọ̀ ní balùwẹ̀, wọ́n sáré fi ọwọ́ ọ̀tún tilẹ̀, ọrùn-ọwọ́ náà sì kán. Wọn kò já láti orí igi, alùpùpù kò sì gbá wọn. Orí ìdúró lásán ni wọ́n wà tí wọ́n fi yọ̀. Nígbà tí dókítà wo fọ́tò eegun náà tán, ó kọ “ostéoporose” sínú ìwé wọn, ó ṣàlàyé pé eegun wọn ti fẹ́lẹ́, ó sì fẹ́ kí a lọ ṣe àyẹ̀wò ìwọ̀n eegun ní Kútọnu. Ṣùgbọ́n àwọn ẹbí ní kò sí àrùn kankan níbẹ̀, pé bí àgbàlagbà bá ṣubú, eegun rẹ̀ kò ní ṣàì kán, àti pé kí a gbé wọn lọ sọ́dọ̀ bàbá tí ń to eegun kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún dókítà, nítorí n kò mọ̀ bóyá ó kan ọ̀rọ̀ yìí. Ìró ìyá mi, èyí tí ó máa ń mọ sí kókósẹ̀ wọn tẹ́lẹ̀, ti ń wọ́ nílẹ̀ báyìí, débi pé wọ́n ní láti ṣẹ́ etí rẹ̀ po ní ìbàdí kí wọ́n tó lè rìn. Ẹ̀yìn tún ń dùn wọ́n láti ọjọ́ kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti gbé korobá omi, gbogbo wa sì ń pè é ní làkúrègbé. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o, Ọlọ́run yóò fún wọn ní àlàáfíà. Ẹ padà lọ sọ ọ̀rọ̀ ìró yẹn fún dókítà, nítorí òun gan-an ni ó ká mi lára jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Bí ènìyàn bá ti fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 kúrú ju bí ó ti ga nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́ lọ, ó yẹ kí a fura pé ọ̀kan nínú àwọn eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti rún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Eegun ẹ̀yìn kì í kán bíi ti apá tí gbogbo ilé yóò fi gbọ́ igbe. Ńṣe ni ó máa ń wó wọ inú ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, aláìsàn yóò sì máa rò pé iṣan ni ó fà òun. Bíbẹ̀rẹ̀ gbé korobá omi tó o.

Ohun alààyè ni eegun, ó sì ń sọ ara rẹ̀ dọ̀tun ní gbogbo ìgbà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbẹ́ apá tí ó ti gbó kúrò, àwọn mìíràn sì ń tẹ̀lé wọn láti fi tuntun dí ojú ibẹ̀, bí ìgbà tí àwọn alágbàṣe bá ń ha ògiri ilé alámọ̀ tí àwọn kan sì ń rẹ́ ẹ lẹ́yìn wọn. Títí ènìyàn yóò fi tó ẹni nǹkan bí ọdún 25 sí 30, iṣẹ́ àwọn tí ń dí i máa ń ju ti àwọn tí ń gbẹ́ ẹ lọ, nítorí náà ni eegun fi ń ki sí i. Nígbà tí nǹkan oṣù obìnrin bá dáwọ́ dúró, ẹ́sítírójìn, èyí tí ó ń kó àwọn tí ń gbẹ́ eegun níjàánu, yóò wálẹ̀ nínú ara rẹ̀. Láàárín ọdún 5 sí 10 àkọ́kọ́ lẹ́yìn náà ni eegun rẹ̀ yóò sì máa dín kù kíákíá jù lọ. Ìdí nìyí tí àrùn yìí fi pọ̀ lára àwọn ìyá ju àwọn bàbá lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn bàbá náà kò yọ sílẹ̀. Bí a bá kó gbogbo ayé pọ̀, nǹkan bí obìnrin 1 nínú 3 àti ọkùnrin 1 nínú 5 tí ó ti lé ní ẹni ọdún 50 ni eegun rẹ̀ yóò kán lọ́nà báyìí kí ó tó lọ.

Ohun tí ó burú nípa rẹ̀ ni pé eegun tí ń fẹ́lẹ́ kì í dunni rárá títí ọjọ́ tí yóò fi kán. Làkúrègbé ní tirẹ̀, oríkèé ni ó ń mú. Ó máa ń wú, ó máa ń le gan-an ní òwúrọ̀, kò sì fi ara pamọ́. Ọrùn-ọwọ́, eegun ẹ̀yìn àti ọrùn eegun itan ni àrùn yìí fẹ́ràn jù láti kán. Ti ọrùn-ọwọ́ ni ó sábà máa ń ṣíwájú, ti itan ni ó sì ń gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ àgbà. Ẹ má jẹ́ kí a dé ibẹ̀.

Bàbá Òkè (Ṣábẹ̀)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àgbà sọ tirẹ̀. Ẹ̀yìn ìyá ìyá mi tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé ilẹ̀ ni wọ́n ń wò bí wọ́n bá ń rìn, ẹnikẹ́ni kò sì gbé wọn lọ sí Kútọnu. Ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe; kò sí arúgbó tí ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tẹ̀. Èmi fúnra mi kán ní ojúgun nígbà tí mo wà ní géńdé, bàbá tí ń to eegun ní ilẹ̀ Ṣábẹ̀ níbí ni ó tò ó, mo sì fi ẹsẹ̀ náà gun òkè títí di òní. Mo ti gbọ́ pé àwọn òyìnbó ni àrùn yìí ń bá jà, nítorí wọn kì í rí oòrùn. Kí ni ó kan àwa?

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Mo kúnlẹ̀ kí yín, Bàbá. Apá kan ọ̀rọ̀ yín jẹ́ òtítọ́, n kò sì ní jà á níyàn: eegun itan kì í kán láàárín àwa ènìyàn dúdú tó bí ó ti ń kán láàárín àwọn òyìnbó. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣọ̀wọ́n kò túmọ̀ sí ohun tí kò sí, pàápàá nísinsìnyí tí àwọn ìyá wa ń pẹ́ láyé ju ti àtijọ́ lọ. Ní ti ẹ̀yìn ìyá ìyá yín, kì í ṣe gbogbo àgbàlagbà ni ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí eegun ẹ̀yìn mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá rún níwájú, ara kò ní ṣàì dojú kọ ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wọ́n wò ni kò jẹ́ kí a mọ orúkọ ohun tí ó ṣe wọ́n.

N kò bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn tí ń to eegun, Bàbá. Eegun géńdé tí ó le, tí agbára púpọ̀ ṣẹ́, lè jinná lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rù wọn méjì ni ó ń bà mí. Bí wọ́n bá di ọwọ́ náà le jù, tí ìka wá wú, tí ó tutù, tí ó ń dúdú, tàbí tí aláìsàn kò mọ̀ ọ́n lára mọ́, a gbọ́dọ̀ tú u lójú ẹsẹ̀ kí a sì gba ilé ìwòsàn lọ, nítorí ọwọ́ lè bá a lọ pátápátá. Èkejì ni pé bí ọwọ́ náà tilẹ̀ jinná dáadáa, ohun tí ó mú kí ìṣubú kékeré ṣẹ́ eegun ṣì wà nínú gbogbo eegun yòókù.

Apòògùn Wàǹdó (Porto-Novo)

Kí a tó lọ síwájú, mo fẹ́ bi Ọmọ Àkàbà ní ìbéèrè kan: oògùn wo ni ìyá yín ti ń lò bọ̀ láti ọdún mélòó kan wá? Mo ń béèrè nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn ìyá tí ń wá bá mi máa ń sọ pé àwọn kò lo oògùn kankan, nígbà tí ó jẹ́ pé hóró oògùn wà nínú nílọ́ọ̀nù tí wọ́n so mọ́ etí ìró wọn. Ohun tí wọ́n rà ní ọjà fún ìrora kì í jẹ́ oògùn lójú wọn.

Ọmọ Àkàbà (Kétu)

Ẹ̀gbọ́n, àfi bí ẹni pé ẹ dé ilé wa. Mo bi wọ́n lálẹ́ àná, wọ́n sì mú nílọ́ọ̀nù kan jáde lábẹ́ ìrọ̀rí. Àwọn hóró funfun wẹ́wẹ́ ni, kò sí orúkọ lára wọn, kò sí páálí. Ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ń gbé àtẹ kiri ọjà ni wọ́n ti ń rà á fún orúnkún tí ń dùn wọ́n. Wọ́n ní bí àwọn bá ti lo ó, ìrora yóò pòórá, oúnjẹ yóò máa wọ̀ wọ́n lọ́fun, wọ́n sì sanra ní ojú. Gbogbo wa ni a ń kí wọn pé ara wọn ti yá.

Apòògùn Wàǹdó (Porto-Novo)

Ohun tí mo bẹ̀rù gan-an nìyẹn. N kò lè fi ojú inú mọ ohun tí ó wà nínú hóró tí kò ní orúkọ, ṣùgbọ́n ìrora tí ń pòórá kíákíá, ebi tí ń pani, àti ojú tí ń wú róbótó jọ iṣẹ́ àwọn oògùn ìdílé kọ́tísónì, bíi dexamethasone àti prednisolone. Oògùn gidi ni wọ́n, wọ́n ń gba ẹ̀mí là bí dókítà bá kọ wọ́n; ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń lo wọ́n lójoojúmọ́ fún oṣù 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á dí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń kọ́ eegun lọ́wọ́, oṣù àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn gan-an ni eegun sì máa ń bàjẹ́ jù. Prednisolone tí kò ju mílígíráàmù 5 lọ lóòjọ́ ti tó láti ṣe é. Ìjọba fọ́ ọjà oògùn Adjégounlè tó wà nínú ọjà Dantokpa ní Kútọnu ní ọdún 2017, síbẹ̀ oògùn orí àtẹ kò tíì tán ní àwọn ọjà wa.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa: ẹ má ṣe gba oògùn náà lọ́wọ́ wọn lójijì. Ẹni tí ó ti lo kọ́tísónì pẹ́, ara rẹ̀ ti dáwọ́ dúró láti máa ṣe tirẹ̀. Bí a bá dá a dúró lẹ́ẹ̀kan, ó lè rẹ̀ ẹ́ pátápátá, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, kí ó sì dákú. Ẹ kó nílọ́ọ̀nù náà lọ bá dókítà, òun ni yóò mọ bí a ó ṣe dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Àwọn oògùn mìíràn náà wà tí dókítà yóò fẹ́ mọ̀: phenobarbital àti phenytoin tí àwọn alárùn wárápá ń lò, àti oògùn tí a ń mu fún gẹ̀gẹ̀ ọrùn bí ó bá pọ̀ jù.

Ọ̀dọ́bìnrin Àjàrá (Adjarra)

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìpara náà lè ṣe bẹ́ẹ̀? Mo rí clobetasol lára páálí èyí tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ń fi bóra. Ẹni ọdún 24 ni mí.

Apòògùn Wàǹdó (Porto-Novo)

Ìdílé kan náà ni, àbúrò, ó sì wà lára àwọn tí ó lágbára jù nínú wọn. Ojú ibi kékeré tí ń yún ni wọ́n ṣe é fún, fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi pa gbogbo ara lójoojúmọ́ fún ọdún gbọọrọ, yóò gba awọ ara wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ara yóò sì hùwà bí ẹni tí ń gbé e mì. Ní ọjọ́ orí tìrẹ yìí ni ó yẹ kí eegun máa kó agbára jọ fún ogójì ọdún tí ń bọ̀. Àwọn tí wọ́n ti ń lo ó pẹ́ náà kò gbọdọ̀ jáwọ́ lójijì láìrí dókítà.

Ìyá Oníwàrà (Ṣábẹ̀)

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oúnjẹ, nítorí òun ni mo mọ̀. Àgbàlagbà nílò kálísíọ̀mù tó mílígíráàmù 1000 lóòjọ́, obìnrin tí ó ti kọjá ọdún 50 sì nílò 1200. Ife wàrà olómi kan ń fún ènìyàn ní nǹkan bí 300 nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè rí wàrà olómi rà lójoojúmọ́ níbí, wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń sè, èyí tí wọ́n máa ń fi èèpo ọkà bàbà pa láró tí yóò fi pupa, dára púpọ̀. Ẹ gé e sínú ọbẹ̀ dípò ẹran. Ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ tegun-tegun, yálà gbígbẹ tàbí tútù, dára ju ẹja ńlá tí a ń ju egun rẹ̀ nù lọ. Ewédú, ewé oṣè àti yànmọ̀tí náà ní i. Tẹ̀tẹ̀ ní kálísíọ̀mù, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó so ó mọ́lẹ̀ tí ara kì í fi rí púpọ̀ gbà níbẹ̀. Kò burú, kí a má kàn gbára lé òun nìkan.

Mo mọ̀ pé inú àwọn kan kò ní dùn sí èyí: omi eegun màlúù tí a fi odindi òru sè kò ní kálísíọ̀mù tó bí a ṣe rò. Ó dùn lẹ́nu, ó gbóná lára, ìyẹn náà ni.

Olùkọ́ Ìdènà (Kétu)

Mo dúpẹ́, Ìyá Oníwàrà. Ìbéèrè tèmi ni ti oòrùn tí Bàbá Òkè mẹ́nu bà. Ṣé ẹni tí ó ń gbé Kétu lè ṣàìní fítámì D? Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá àyẹ̀wò Kútọnu yẹn pọn dandan, nítorí owó ọkọ̀ nìkan ti tó iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ilé.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ó lè ṣẹlẹ̀, Olùkọ́. Awọ dúdú máa ń pẹ́ kí ó tó rí fítámì D ṣe láti inú oòrùn, àwọn ìyá wa tí wọn kì í sì jáde nínú yàrá mọ́, tàbí tí aṣọ bò látòkèdélẹ̀, kì í rí oòrùn tó. Kí wọ́n máa jókòó nínú àgbàlá lójoojúmọ́, kí apá àti ẹsẹ̀ wọn wà ní ìta. Láìsí fítámì D, púpọ̀ nínú kálísíọ̀mù tí a jẹ yóò kàn gba ìfun kọjá ni. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sáré lọ ra hóró kálísíọ̀mù kó sílé: bí ó bá pọ̀ jù, ó lè di òkúta nínú kíndìnrín, ara kì í sì í gbà ju nǹkan bíi mílígíráàmù 500 lẹ́ẹ̀kan náà dáadáa.

Ní ti àyẹ̀wò, ẹ̀rọ náà a máa fi ìtànṣán tí kò lágbára púpọ̀ wọn bí eegun ṣe ki tó ní itan àti ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Kì í dunni, kò sì gba àkókò. Yóò fi eegun aláìsàn wé ti ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Láti ọdún 1994 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi ìlà sí i: bí èsì bá jẹ́ −2.5 tàbí tí ó lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, àrùn náà ti dé nìyẹn. Bí ó bá wà láàárín −1 àti −2.5, eegun ti ń dín kù ṣùgbọ́n kò tíì burú tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: bí fọ́tò ẹ̀yìn lásán, èyí tí a lè yà ní ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀, bá fi hàn pé eegun ẹ̀yìn ìyá ti rún láìsí ìjàǹbá ńlá, tí dókítà sì ti rí i pé kì í ṣe àrùn mìíràn ni ó fà á, ó lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú láì dúró de ẹ̀rọ náà. Ìdí nìyí tí mo fi tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ìró. Bí ibà, òógùn òru tàbí rírù bá bá ìrora ẹ̀yìn náà rìn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ń mú eegun ẹ̀yìn.

Bàbá Òkè (Ṣábẹ̀)

Ọmọ mi, o sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kí ni ti àwa ọkùnrin? Mo máa ń mu sódàbí díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Bàbá, “díẹ̀” yẹn ni mo fẹ́ fi ojú rí! Ọtí líle tí a ń mu lójoojúmọ́ ń ba eegun jẹ́, ó sì tún ń mú kí ẹsẹ̀ ta gbọ̀ọ́n-gbọ̀ọ́n lọ́nà ilé. Sìgá náà bẹ́ẹ̀. Òkè tí ẹ ń gùn yẹn ni kí ẹ má ṣe fi sílẹ̀, nítorí eegun tí ó bá ń gbé ara kò ní gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.

Fún ìyá Ọmọ Àkàbà, ìrìn ṣíṣe dára, dídìde lórí àga láìfi ọwọ́ tì í náà dára, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó yẹ ẹ̀yìn wọn wò, kí wọ́n má ṣe tẹ̀ ba láti gbé ohunkóhun, kí wọ́n má sì ru igbá sórí. Ìgbálẹ̀ wa kúrú. Ẹni tí ó bá ń fi gbá àgbàlá, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ níwájú ni gbogbo ẹrù ara wà lórí rẹ̀. Ẹ so igi gígùn mọ́ ọn. Ẹ ha èèhọ́ tí ó hù sí ilẹ̀ balùwẹ̀, ẹ kan igi tí wọ́n lè dì mú mọ́ ògiri, kí iná kékeré sì máa wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ tọ̀ lóru. Mo ti rí i pé ẹní tí etí rẹ̀ ká sókè ń gbé àwọn àgbà ṣubú ju ẹrẹ̀ lọ.

Ọmọ Àkàbà (Kétu)

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti bàbá mi. A ti padà sí ilé ìwòsàn. Fọ́tò fi hàn pé eegun ẹ̀yìn méjì ti rún, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò sí ikọ́ ẹ̀gbẹ níbẹ̀. Dókítà gba nílọ́ọ̀nù náà, ó fún wọn ní prednisolone tí ó mọ ìwọ̀n rẹ̀, a ó sì máa dín in kù ní ìlànà tí ó kọ sílẹ̀. Wọ́n yẹ kíndìnrín wọn wò, wọ́n wo eyín wọn, wọ́n fún wọn ní kálísíọ̀mù àti fítámì D, lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ alendronate mílígíráàmù 70, hóró kan lọ́sẹ̀. Àwọn ẹbí ti dákẹ́. Ohun tí ó kù ni pé ìyá mi máa ń jí kírun Súbùhì, wọ́n sì ní wọn kò ní í jókòó kírun nítorí ẹ̀yìn tí kò gbọdọ̀ tẹ̀ ba.

Apòògùn Wàǹdó (Porto-Novo)

Kí wọ́n kírun tán ná, kí wọ́n tó lo ó. Inú òfo ni a ń lo ó, pẹ̀lú ife omi lásán tí ó kún. Kì í ṣe tíì, kì í ṣe ẹ̀kọ, kì í ṣe wàrà, nítorí ohunkóhun tí ó bá ní kálísíọ̀mù yóò gbà á mú kí ara tó rí i. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n jókòó tààrà tàbí kí wọ́n máa rìn fún ìṣẹ́jú 30, kí wọ́n má dùbúlẹ̀ rárá, nítorí bí ó bá padà wá sí ọ̀nà ọ̀fun, yóò jó o. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30 yẹn ni wọ́n tó lè jẹun. Kí hóró kálísíọ̀mù dúró di ìgbà oúnjẹ ọ̀sán. Ní oṣù ààwẹ̀, kí wọ́n bi dókítà bóyá wọ́n lè fi omi lo ó nígbà tí oòrùn bá wọ̀, kí wọ́n sì dúró fún ìṣẹ́jú 30 kan náà kí wọ́n tó jẹun ìṣínu.

Ní ti ìrun, ẹ bá lèmọ́mù wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀sìn yọ̀ǹda kí aláìsàn jókòó kírun, eegun ẹ̀yìn méjì tí ó rún kì í sì ṣe àìsàn kékeré. Ó lè rọrùn fún wọn láti gbà á lẹ́nu lèmọ́mù ju lẹ́nu wa lọ.

Ọmọ Àkàbà (Kétu)

Lèmọ́mù ti bá wọn sọ ọ́, wọ́n sì gbà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n yàn fún oògùn náà. Bí wọ́n bá gbàgbé ńkọ́?

Apòògùn Wàǹdó (Porto-Novo)

Kí wọ́n lo hóró kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n bá rántí, kí wọ́n sì padà sí ọjọ́ Jímọ̀ wọn ní ọ̀sẹ̀ tí ó bá tẹ̀lé e. Wọn kò gbọdọ̀ lo méjì ní ọjọ́ kan náà. Bí oúnjẹ bá sì ń há wọn lọ́fun tàbí tí àyà ń ta wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá lo ó, kí wọ́n dá a dúró, kí ẹ sì gbé wọn padà lọ bá dókítà láì dúró de ọjọ́ tí ó dá fún yín.